Kí ẹ tó yan èdè kọ̀ǹpútà, ẹ wo ẹ̀rọ tí yóò gbé e

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni "Èdè wo ló dára jù?" Ìbéèrè ni èmi náà fi ń dáhùn: orí ẹ̀rọ wo ni prógíráàmù náà yóò ti ṣiṣẹ́, ọdún mélòó lẹ sì fẹ́ kó lò níbẹ̀? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé èdè kì í tètè kú. COBOL ti wà láti nǹkan bí ọdún 1960, ó ṣì ń ṣírò owó ní báńkì. Ilẹ̀ tí èdè dúró lé ló máa ń yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Àyè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Arduino Uno R3, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, kò ní ju RAM (mẹ́mọ́rì tí prógíráàmù fi ń ṣiṣẹ́) 2 KB lọ, àti 32 KB fún kóòdù. Python ò ráyè wọbẹ̀, C tàbí C++ ló máa ṣe é. Raspberry Pi Pico ní RAM 264 KB, MicroPython, ìyẹn Python tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ kékeré, sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Wọ́n á ní C ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo. Lórí Linux oní-64-bit, byte 8 ni long, irú nọ́ńbà odidi kan nínú C. Lórí Windows oní-64-bit, byte 4 ni. Bí ẹ bá fi long kọ nǹkan sínú fáìlì lórí ọ̀kan, tí ẹ lọ kà á lórí èkejì, nọ́ńbà inú rẹ̀ á dàrú láìsí ìkìlọ̀ kankan. int32_t àti int64_t, tí ìwọ̀n wọn kì í yí padà, ni kí ẹ máa lò fún ohunkóhun tó máa kúrò lórí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn. Ti char, irú tí C fi ń tọ́jú lẹ́tà, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí x86 (ẹ̀rọ onírú Intel àti AMD), char lè gba nọ́ńbà tó kéré sí òdo; lórí Linux ti ARM (irú chip tó wà nínú fóònù), kì í sábà gbà á. Ẹni tó bá wá kó èsì getchar, tó ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wọlé, sínú char, tó ń retí EOF (àmì pé ohun tó ń kà ti parí) tí í ṣe -1, máa retí títí: -1 ti di 255, yípo náà ò ní dúró mọ́. Int ló yẹ kó fi gbà á. Irú àṣìṣe yìí lè sùn fún ogún ọdún lórí x86, ọjọ́ tí kóòdù náà bá dé orí Raspberry Pi tàbí sáfà ARM ló máa jí. (Ti Apple yàtọ̀, wọ́n fi char sílẹ̀ bó ṣe wà lórí x86.) Bí ẹ̀rọ tí ẹ ń ṣe bá sì máa pẹ́ láyé, ẹ tẹ sizeof(time_t), ìyẹn iye byte tó fi ń tọ́jú àkókò, jáde lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 4, aago rẹ̀ máa dàrú ní ọjọ́ 19 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2038.

Títí di nǹkan bí 2005, ẹ̀rọ tuntun nìkan ti tó láti mú prógíráàmù àtijọ́ yára. Ooru dá ìyẹn dúró. Core, ìyẹn apá tó ń ṣe iṣẹ́ nínú chip, ni wọ́n wá ń fi kún un. Nínú Python tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, GIL, àgádágodo kan nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kí ju thread (ìlà iṣẹ́) kan lọ ṣiṣẹ́ kóòdù Python lẹ́ẹ̀kan náà: core 8, méje ń wòran. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ dídúró de íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí aburú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣírò, ẹ lo multiprocessing, tó ń pín iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ Python lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ẹ kó o fún NumPy, library ìṣírò (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) tí C ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Python 3.13 tó jáde ní 2024 ní oríṣi kan tí kò ní GIL, fún ìdánwò. Ẹ rí i pé gbogbo library yín bá a mu kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Rust, èdè mìíràn, máa jẹ àkókò yín níbẹ̀rẹ̀, mi ò ní parọ́, àmọ́ compiler rẹ̀ (tó ń tú kóòdù sí èdè ẹ̀rọ) máa ń kọ ọ̀pọ̀ àṣìṣe mẹ́mọ́rì tí C máa gbà wọlé.

Èdè fúnra rẹ̀ náà lè yí padà. Python 3 jáde ní 2008. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni àtìlẹ́yìn Python 2 parí. 7/2 tó jẹ́ 3 di 3.5, láìsí ariwo. Nínú fáìlì UTF-8 (ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sí byte), len('ẹ'), ìyẹn gígùn lẹ́tà náà, tó ń jẹ́ 3 di 1, bó ṣe yẹ kó ti rí látọjọ́ yìí.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ mú ibi tó le jù nínú iṣẹ́ náà, kí ẹ fi èdè méjì kọ ọ́. Ọjọ́ méjì-méjì tó. Orí ẹ̀rọ tí yóò gbé e gan-an ni kí ẹ ti wọn ìyára àti RAM, kì í ṣe orí láptọ́ọ̀pù yín. Ẹ wo ìgbà tí àwọn library tí ẹ nílò jáde kẹ́yìn, àti bóyá ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Bí kò bá gbéra níbẹ̀ pẹ̀lú kìkì ẹ̀dà library tí ẹ kọ sílẹ̀, ohun kan wà lórí ẹ̀rọ yín tí ẹ ti gbàgbé pé ẹ fi síbẹ̀.