Ṣòkòtò péńpé tí yóò bá wa gun òkè láì bó wa nítan

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gun òkè tó wà lẹ́yìn abúlé Ushafa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bwari ní Abuja, ṣòkòtò péńpé olówùú kan tí mo máa ń wọ̀ sùn ni mo wọ̀ lọ. (Ushafa yìí ni Bill Clinton ṣàbẹ̀wò sí ní ọdún 2000 nígbà tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà, bí ó bá gun òkè ibẹ̀, kò jọ pé ṣòkòtò ìsùn ni yóò wọ̀.) Èrò mi ni pé aṣọ tó bá tu ara lórí ibùsùn kò lè ni ara lára lórí òkè. Kò dé ìdajì itan, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ó sì fúyẹ́. Kí a tó dé ibi tí a ti lè rí adágún omi Usuma nísàlẹ̀, òógùn ti mú un rin gbindin, ó ti ká sókè sí abẹ́, awọ itan mi méjèèjì sì ń ha ara wọn bí ìgbà tí wọ́n ń fi kànìnkànìn ha ìdí ìkòkò. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ líle gòkè ni mo ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí ẹṣin. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Àbúrò, omi ni yóò sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ọ lálẹ́ òní." Omi kúkú sọ ọ́. Bí ó ṣe kan ojú ibẹ̀ nínú balùwẹ̀ wa ní Kubwa, igbe tí mo ké mú kí ọkọ mi sáré wá kan ilẹ̀kùn.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. Láti ìgbà náà, mo ti ra ṣòkòtò péńpé afúnmọ́ra mẹ́jọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní tàítì, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí sì ń pè ní báíkà. Mẹ́ta péré nínú wọn ló ṣì ń bá mi jáde. Ohun tí márùn-ún yòókù kọ́ mi ni pé iwájú dígí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń yan ṣòkòtò yìí, a ó yí síwájú, a ó yí sẹ́yìn, a ó wò bóyá ó gbé ìdí jáde, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú dígí rárá. Ibi tí itan ti ń kan itan ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Awọ tó rin máa ń ha ara wọn ju awọ gbígbẹ lọ, èyí ló fà á tí ẹni tó ń rìn lọ sọ́fíìsì láàárọ̀ kì í fi í mọ ohun tí ẹni tó ń gun òkè lọ́sàn-án mọ̀. Nígbà tí òógùn bá sì gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ kò bá a lọ; orí awọ ló ń kù sí bí iyanrìn kíkúnná, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń fi í lọ ara wa. Aṣọ òwú a máa fa òógùn yìí mu, kì í sì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí náà bí ẹni so aṣọ tútù mọ́ itan ló ń rí láti ìsàlẹ̀ òkè dé orí rẹ̀. Ní ìhà tiwa níbí, ìyà yìí ní ojú méjì. Ní àsìkò ọyẹ́, òógùn ń tètè gbẹ, ìyọnu iyọ̀ ló pọ̀ jù. Ní àsìkò òjò, láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, kì í gbẹ rárá, aṣọ sì ń wúwo sí i ni. Ohun tí ṣòkòtò afúnmọ́ra ń ṣe ni pé ó lẹ̀ mọ́ awọ, kò sì kúrò lójú kan, tó fi jẹ́ pé aṣọ ló ń ha aṣọ, awọ kò kan awọ mọ́. Bí ó bá wá ń rìn kiri lára, ó di òmíràn tó ń bó ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ka gígùn rẹ̀ sí ju àwọ̀, ju orúkọ ilé iṣẹ́, ju iye owó lọ. Àwọn tó ń ṣe é máa ń wọn gígùn náà láti abẹ́ dé etí ẹsẹ̀ ní apá inú, ínṣì 5, 7 tàbí 9 ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹ dúró níwájú dígí (iṣẹ́ kan ṣoṣo tí dígí wúlò fún nínú ọ̀rọ̀ yìí), kí ẹ wo ibi tí itan méjèèjì ti pínyà sísàlẹ̀. Etí ṣòkòtò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ó kéré tán. Bí ó bá parí sí ibi tí itan ṣì ti ń kan ara wọn, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa fún un sókè, títí yóò fi di okùn lábẹ́. Èmi tí mo kúrú, tí Ọlọ́run sì fi itan jíǹkí, ínṣì 5 kò bá mi dé ibì kankan. Méjì ni mo rà kí orí mi tó pé. Ínṣì 7 ló gbà mí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ga ju ọkọ mi lọ kì í wọ ohun tó dín ní 9.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi rọ́bà sílíkóònù tó rí wínníwínní sí inú etí ẹsẹ̀ kí ó má baà ká sókè. Ó ń ṣiṣẹ́, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n nínú ooru oṣù Kẹta ní Abuja, èèlá ló kọ sí mi lẹ́sẹ̀ yípo bí ẹni wọ ìlẹ̀kẹ̀. Etí tó fẹ̀, tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ni mo fara mọ́.

Ojú rírán ló tẹ̀ lé gígùn, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù. Mo ra aṣọ láíkírà dáadáa lọ́jà, mo gbé e lọ fún télọ̀ tó ń rán aṣọ fún wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mo sì fi ṣòkòtò tí mo ti ní hàn án kí ó fi ṣe àwòkọ. Ó bá mi lára mu gẹ́gẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wífìn, èyí tó ń fi òwú di etí aṣọ, ló fi parí inú rẹ̀, gbogbo ojú rírán náà sì nípọn, ó yọ sókè bí okùn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá pàdé lójú kan náà lábẹ́. Lórí òkè Mpape, kí a tó rìn fún wákàtí kan, ó ti fi ìlà sí mi lára. Nígbà tí mo padà lọ bá a, kò bá mi jà, ó kàn gbé ṣòkòtò àkọ́kọ́ yẹn, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀, ó ní: "Mọ́mì, ẹ wò ó, aṣọ méjèèjì fara kanra ni, wọn ò gorí ara wọn. Ẹ̀rọ tó ń ṣe irú èyí ò sí lọ́wọ́ mi." Ọ̀rọ̀ náà ni mo fi ń ra aṣọ di òní. Mo máa ń yí inú síta, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ gbogbo ojú rírán, nítorí ẹ̀yìn ọwọ́ ń tètè mọ ohun tó gún ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo abẹ́ rẹ̀: èyí tó dára ní ègé aṣọ kékeré kan tí wọ́n fi sí àárín, tí kò jẹ́ kí àwọn ojú rírán pàdé lójú kan.

Ní ti aṣọ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ ka àkọlé inú rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tàbí pọliẹ́sítà ló yẹ kó pọ̀ jù níbẹ̀, kí elastane tàbí spandex, ohun kan náà ni wọ́n, wà láàárín ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Òwú tó ń fà yìí ni Joseph Shivers ṣe ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1958, Lycra tí gbogbo wa ń pè ní láíkírà sì ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ náà fi tà á nígbà náà. Náílọ́ọ̀nù máa ń rọ̀ lára jù, pọliẹ́sítà ní tirẹ̀ máa ń tètè gbẹ. Ẹ fà á bo ìkúùkù yín kí ẹ wò ó nínú oòrùn: bí ẹ bá rí awọ ọwọ́ yín, àwọn tó ń gun òkè bọ̀ lẹ́yìn yín náà yóò rí awọ ibòmíràn.

Àwọn òǹtàjà máa ń sọ pé bí ó bá ṣe fún tó ni agbára ẹsẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. N kò gbà. Àwọn tó ń fi ìwádìí wò ó kò fi ẹnu kò pé ó ń mú ènìyàn sáré ju bí ó ti lè sáré lọ; ohun tí èmi fúnra mi rí ni pé ẹran ara kì í mì tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta. Fífún tó pọ̀ jù a máa mú ẹsẹ̀ kú tipiri, a máa ti oúnjẹ inú padà sókè, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé rọ́bà ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rọ́bà náà láì jà. Ẹ fi tépù wọn ìbàdí àti ìdí yín, kí ẹ fi wé àtẹ ìwọ̀n ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an, nítorí M ti ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ L ti òmíràn. Ẹni tí dókítà bá sì ní kí ó wọ aṣọ afúnmọ́ra nítorí iṣan ẹsẹ̀, ìyẹn yàtọ̀, a kì í rà á nínú okìtì òkìríkà.

Inú okìtì òkìríkà ní ọjà Wuse ni mo sì ti rí èyí tó dára jù nínú mẹ́ta tó kù fún mi. Kò sí yàrá ìdánwò níbẹ̀, nítorí náà aṣọ tó fara mọ́ra ni mo máa ń wọ̀ lọ kí n lè gbé e wọ̀ lé e. Mo gbé orúnkún kan sókè dé ìbàdí bí ẹni fẹ́ gun òkúta, mo gbé èkejì, mo lóṣòó, mo dìde, ó tó ìgbà ogún. Ìyá tó ń tà á, ará Ìlọrin, wò mí títí, ó ní: "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ jó?" Etí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Mo san owó.

A kì í wọ pátá sí abẹ́ rẹ̀. Èyí máa ń ṣòro fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rírán pátá ni yóò bó ènìyàn tí ṣòkòtò kò bá bó o. Àwa obìnrin ní láti tètè bọ́ ọ bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀, kí a má jókòó sínú mọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ láti Bwari dé Lugbe, nítorí ibi tó gbóná tó sì rin ni àrùn abẹ́ ń fẹ́. Ní ti ojú ayé, abúlé àwọn Gbagyi ni a máa ń gbà kọjá, àwọn àgbà sì máa ń jókòó síta láàárọ̀. Mo máa ń wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ kan lé e títí a ó fi kọjá wọn. Arábìnrin Mùsùlùmí kan wà láàárín wa, ará Ẹdẹ, tí tirẹ̀ gùn dé ọrùn ẹsẹ̀ lábẹ́ ṣòkòtò tó tóbi. Mo kọ́kọ́ ń káàánú rẹ̀ nítorí ooru. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí koríko gbígbẹ ń gún wa lẹ́sẹ̀, tí èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ wa, ni mo rí i pé òun nìkan ni kì í dúró yọ nǹkan lára.

Omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ni mo fi ń fọ tèmi. N kì í fi bílíìṣì sí i, n kì í lọ̀ ọ́, n kì í sì í sá a sójú oòrùn, nítorí bílíìṣì àti ooru ló ń pa rọ́bà inú rẹ̀. Bí ẹ bá fà á tí ẹ sì rí irun funfun wínníwínní tó ń yọ lára rẹ̀, rọ́bà ti já nìyẹn, ẹ fi nu ilẹ̀.

Èyí tí mo rà ní oṣù tó kọjá ṣì wà lẹ́nu ìdánwò. Mo ti fi sáré lẹ́ẹ̀mejì létí adágún Jabi, níbi tí mo ti lè wọ mọ́tò padà sílé bí ó bá dà mí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, òkè Ushafa ni yóò rí. Mo ti fi ike òrí kékeré kan sínú àpò mi síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ìrìn tó bá ju wákàtí mẹ́ta lọ, n kì í fi ọkàn tán ṣòkòtò kankan.