Brucia: ìlà tín-ín-rín lára gíláàsì

Kí fọ́tò tó dé, ẹni tó bá fẹ́ wá ásítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn àwọn òkúta tó ń yí oòrùn po, á tẹ ojú mọ́ awò awọ̀nàjíjìn, á máa fi ìràwọ̀ ojú ọ̀run wé èyí tó wà lórí máàpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Johann Palisa ní Austria rí ju ọgọ́rùn-ún lọ báyẹn. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 1891, ní Heidelberg ní Jámánì, onímọ̀ ìràwọ̀ Max Wolf fi kámẹ́rà mú ọ̀kan. Òun ni 323 Brucia, àkọ́kọ́ tí fọ́tò fi hàn.

Ayé ń yí, torí náà ẹ̀rọ bí aago ló ń yí kámẹ́rà náà kó lè máa bá àwọn ìràwọ̀ lọ fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ á di àmì róbótó dúdú lára gíláàsì tí wọ́n ń ya fọ́tò sí. Ásítẹ́rọ́ìdì tó ń rìn láàárín wọn á fa ìlà. Nígbà tí ayé bá wà láàárín òun àti oòrùn, ó ń rìn tó ìdajì ìbú òṣùpá lójúmọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ya á. Tó bá ti kọjá oṣù kan sí méjì, ó máa ń dà bí ẹni dúró, á di àmì róbótó bíi tàwọn yòókù, ó parí.

Bí aago bá ń fà sẹ́yìn, gbogbo ìràwọ̀ ló máa fa ìlà. Èyí ṣì rọrùn láti mọ̀. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni eruku tàbí ibi tí nǹkan ti ha gíláàsì, nítorí ó jọ ìlà ásítẹ́rọ́ìdì gẹ́lẹ́. Kámẹ́rà méjì tó jọ ń yàwòrán ibì kan náà ló yanjú rẹ̀: ìlà tí kò bá sí lára gíláàsì kejì, irọ́ ni. Catherine Wolfe Bruce, olówó kan ní Amẹ́ríkà, fún Wolf ní dọ́là 10,000 fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí lẹ́ńsì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ibẹ̀ ni orúkọ Brucia ti wá; "ia" ìdí rẹ̀ sọ ọ́ di orúkọ obìnrin, bí àṣà ìgbà náà.

Lónìí, ọdún àti lẹ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ásítẹ́rọ́ìdì. Ìgbà tí ipa ọ̀nà rẹ̀ bá dájú ló ń gba nọ́ńbà, ẹni tó rí i á sì ní ọdún 10 láti dábàá orúkọ. Olóṣèlú àti ológun gbọ́dọ̀ ti kú fún 100 ọdún kí wọ́n tó lè fi orúkọ wọn sọ ásítẹ́rọ́ìdì. Orúkọ ọjà kò wọlé rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í tà á, ẹnikẹ́ni tó bá ń ta "orúkọ ìràwọ̀" fún yín, owó yín ló ń wá. Lẹ́tà 16 ni òpin. Oluwafunmilayo, tó jẹ́ lẹ́tà 14, á gba ibẹ̀ wọlé.