Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé

Mo ti parí Jonathan Strange & Mr Norrell, ìwé ìtàn àròsọ Susanna Clarke tó jáde ní 2004, mi ò sì tíì lè mú ìwé míì. Nǹkan bíi 800 ojú ìwé ni, orí 69, ó tó bí ọdún 10 tí obìnrin yìí fi kọ ọ́. Ẹni tí mo bá ti dárúkọ ẹ̀ fún, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé ó ti gùn jù, pé kí ló dé tí wọn ò gé e kúrú. Èmi ò gbà o. Gígùn yẹn gan-an ló jẹ́ kó wọni lára.

Íńgílándì ni, láyé ogun Napoleon, ọba Faransé. Àwọn tó ń pera wọn ní onídán kàn ń jókòó ka ìtàn idán ni, wọ́n á máa bára wọn jiyàn, kò sí ìkankan nínú wọn tó lè pa idán kékeré báyìí, àfi Mr Norrell tó wà ní Yorkshire, tó ti ra ìwé idán jọ síbi tẹ́nikẹ́ni ò ti lè fojú kàn án. Ìgbà tó máa fi han àwọn ará York pé òun lè ṣe é, ó mú kí àwọn ère òkúta inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìkan nínú àwọn ère kéékèèké yẹn ń ké pé òun rí ọkùnrin tó fún ọmọbìnrin kan lọ́rùn pa níbẹ̀ ní bíi 500 ọdún sẹ́yìn, ọmọ tó fi ewé sírun, kò sí ẹ̀dá míì níbẹ̀ àfi òkúta. Mo kà á tán, mo tún padà kà á. Látọjọ́ yẹn ni ère náà ti ń wá ẹni tó máa gbọ́ tẹnu òun!

Àwọn àlàyé kéékèèké ìsàlẹ̀ ojú ìwé wá ńkọ́, wọ́n á súnmọ́ 200, òmíì gùn ju ohun tó wà lókè ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn máa ń fò wọ́n. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ John Uskglass, ọba onídán tó jẹ lórí àríwá Íńgílándì fún 300 ọdún kó tó lọ, òun sì ni gbogbo ìjà Norrell àti Strange, onídán kejì tó jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀, dá lé lórí. Strange ní ká wá a lọ, Norrell ní ká gbàgbé ẹ̀.

Ogun ibẹ̀ náà dùn, Strange ń la títì fún àwọn sójà Wellington, ọ̀gágun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní Pọtogí àti Sípéènì, ó tiẹ̀ gbé odidi ìlú Brussels lọ sí Amẹ́ríkà nígbà ogun Waterloo, tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon. Àmọ́ Lady Pole ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ọmọ ọdún 19, àfẹ́sọ́nà mínísítà ìjọba kan, ó ti kú, Norrell wá pe iwin kan pé kó jí i torí pé ó ń wá ojúure ìjọba. Iwin yẹn ní ìdajì ayé ẹ̀ lòun máa gbà, ó mú ọmọńdinrín ọwọ́ ẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bó ṣe di pé lálaalẹ́ ni wọ́n ń mú un lọ jó nílé iwin nìyẹn, títí ilẹ̀ á fi mọ́, tó bá sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìtàn tí kò lórí tí kò nídìí ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀, gbogbo wọn wá gbà pé orí ẹ̀ ti dàrú. Ojú ìwé ń lọ, ọdún ń lọ, ogun ti parí, àwọn onídán ti jà, obìnrin yìí ṣì ń jó. Tí wọ́n bá gé ìwé yẹn kúrú, báwo la ṣe fẹ́ mọ bó ṣe pẹ́ tó fún un?

Stephen Black náà wà nínú ẹ̀, olórí àwọn ìránṣẹ́ ilé ọkọ Lady Pole, èèyàn dúdú tí ìyá ẹ̀ kú nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrú. Iwin yẹn fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ó fẹ́ sọ ọ́ di ọba, bẹ́ẹ̀ kò bi í bóyá ó fẹ́, ó tún ń wá orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ kó tó kú káàkiri. Ibi tí iwin yẹn ti wá sọ bó ṣe wá orúkọ yẹn rí, ẹ fara balẹ̀ kà á dáadáa. Mi ò ní sọ bó ṣe parí.

BBC ti ṣe é ní eré, 2015, apá 7, ó sì dáa, àmọ́ wọn ò lè kó àlàyé ìsàlẹ̀ yẹn síbẹ̀, torí náà ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Tẹ́ ẹ bá ti dé orí tí wọ́n ti jí Lady Pole, ẹ wá bá mi, ká jọ sọ̀rọ̀ Norrell, torí inú ṣì ń bí mi sí i.