Kọfí Jebena: Ibi Tí Ìkánjú Ti Ń Ba Iṣẹ́ Ilé Kọfí Jẹ́

Ní àdúgbò Addis Ababa, olú-ìlú Etiópíà, ilé kọfí kì í fẹ́ àyè ńlá. Wọ́n á tẹ́ koríko tútù sílẹ̀, àpótí ìjókòó kéékèèké á sì yí rekebot ká, ìyẹn tábìlì kúkúrú tí wọ́n ń to ife sí. Ife ọ̀hún, sini, kò létí, kò sì gbà ju nǹkan bí 70 mìlílítà lọ. Obìnrin ló sábà máa ń jókòó sídìí iṣẹ́ náà. Ilé kọfí ẹlẹ́rọ náà pọ̀ nílùú yẹn, ọwọ́ àwọn ará Ítálì tó gba Etiópíà láti 1936 sí 1941 sì hàn nínú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ti jebena, ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn, là ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò, ibi méjì ni ìkánjú ti máa ń tú u fó: ìdí agbada tí wọ́n fi ń yan kóró, àti lẹ́yìn tí ìkòkò bá ti kúrò lórí iná.

Kóró tútù ni kí ẹ rà. Inú igbó òkè gúúsù ìwọ̀-oòrùn Etiópíà ni kọfí arabica ti ṣẹ̀, ìdí nìyẹn tí adùn kóró agbègbè kan fi jìnnà sí ti èkejì. Ti Harar, inú èso rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sá a gbẹ, ó sì máa ń ta sánsán bí èso tó pọ́n jù. Ti Yirgacheffe tí wọ́n bó tí wọ́n sì fọ̀ máa ń ní òórùn òdòdó, àmọ́ bí ẹ bá yan án dúdú, òórùn náà á lọ. Ní tiwa, Harar tàbí Sidama ló bá jebena mu jù, nítorí ìyan kọfí jebena máa ń jinlẹ̀.

Fún ènìyàn mẹ́fà, ẹ wọn 60 gíráàmù. Ẹ fi omi bo kóró náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì họ ọ́, ẹ da omi nù, kí ẹ tún un ṣe títí omi á fi mọ́. Èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá ṣẹ́kù á jóná ṣáájú kóró, èéfín rẹ̀ á sì mú kọfí korò. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀ dànù dáadáa. Agbada irin tó nípọn ni kí ẹ lò, lórí eèdú tó ti pọ́n tí kò ní ọwọ́ iná mọ́, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ dẹ́kun rírò ó. Omi á kọ́kọ́ gbẹ, kóró á pọ́n rúsúrúsú, á wá di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ tó ń ta pápápá. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ló yẹ kí gbogbo rẹ̀ gbà. Bí ó bá dúdú kí ìṣẹ́jú 6 tó pé, iná ti pọ̀ jù: ẹ̀yìn ti jó, inú kò tíì jinná, ife á korò á sì tún kan. Bí ó bá kọjá 20, iná kéré, kóró kàn gbẹ lásán ni, kò ní ní adùn kankan. Ìgbà tí òróró bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán lára rẹ̀ ni kí ẹ sọ̀ ọ́.

Kí ó tó tutù, ẹ gbé agbada náà yípo, kí oníkálukú fi ọwọ́ fa èéfín rẹ̀ sí imú. Àwọn ilé kọfí kan ti ń yan án láàárọ̀ kí oníbàárà tó dé, torí àkókò. A mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbà pẹ̀lú wọn. Ìyan ojú àlejò ni ọkàn àṣà yìí, tùràrí tí wọ́n máa ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Tùràrí náà kí ó mọ níwọ̀n, kí ó má baà bo òórùn kọfí mọ́lẹ̀.

Ẹ tẹ́ kóró náà sórí ẹní kí ó tutù kíá, torí ooru inú rẹ̀ ṣì ń yan án. Ẹ gún un nínú odó. Bí ó bá ti kúná díẹ̀, ó tó. Èyí tó bá di lẹ́búlẹ́bú kì í rọlẹ̀, inú ife ló máa ń bọ́ sí. Nǹkan bí 50 gíráàmù ló máa kù nínú 60.

Ìkòkò tó gba lítà kan ni kí ẹ fi 600 mìlílítà omi sí. Ẹ jẹ́ kó hó, kí ẹ wá fi àrọ da ìyẹ̀fun náà sí i. Kọfí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ní atẹ́gùn nínú, nítorí náà ìfófó á ru wá sí ọrùn. Ẹ gbé e kúrò, kí ó rọlẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Addis Ababa wà ní nǹkan bí 2,300 mítà sókè òkun, nǹkan bí 92 ni omi ti ń hó níbẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nílùú etí òkun, 100 ni, nítorí náà ẹ má fi sílẹ̀ kó máa hó lọ, yóò korò.

Ó wá kan ìsinmi. Ẹ gbé jebena lé òṣùká tí wọ́n fi koríko hun, kó tẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, fún ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó bá dà á ní ìṣẹ́jú kan, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló ń bù fún àlejò. Ẹ gbé e sókè tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ dà á tín-ín-rín láti ife dé ife láìdúró. Bí ẹ bá gbé ìkòkò nàró láàárín, ìsàlẹ̀ á rú. Èyí tó dà sórí rekebot kì í ṣe òfò.

Abol nìyẹn, ife àkọ́kọ́. Ẹ da 450 mìlílítà omi lé ìyẹ̀fun kan náà fún tona, ìyẹn ife kejì, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún baraka, ìyẹn ife kẹta. Gbogbo ìsinmi náà pọn dandan nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má fi ìyẹ̀fun tuntun kún un. Fífúyẹ́ ife kẹta ló jẹ́ kí ènìyàn lè mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kolo, ìyẹn ọkà báálì yíyan, tàbí gúgúrú, ni kí ẹ gbé síwájú wọn.

Ṣúgà wọ́pọ̀ nílùú. Lábúlé ibòmíràn, iyọ̀ tàbí bọ́tà ni, àwọn mìíràn sì ń fi ẹ̀ka tena adam, ewé olóòórùn kan, sínú ife. Ọjọ́rú àti Ẹtì, àwọn onígbàgbọ́ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ń gbààwẹ̀ wàrà àti bọ́tà. Ẹ béèrè kí ẹ tó fi sí i.

Eèdú nínú yàrá tí a tì pa máa ń pa ènìyàn. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, tàbí kí ẹ yan kọfí níta. Bí iná gáàsì ni, ẹ fi irin pẹlẹbẹ sáàárín òun àti jebena, torí iná tó dojú kọ ojú kan ń la amọ̀. Ìkòkò tuntun, ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí àtijọ́ àti omi sè é nígbà mélòó kan, títí tí kò fi ní òórùn amọ̀ mọ́. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láé, amọ̀ ń fà á mu. Ẹ má sì da omi tútù sínú èyí tó ṣì gbóná. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi ṣan án, kí ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀ mọ́jú.