Ẹ̀wà Tó Kọ̀ Tí Kò Jinná: Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Mi láti Etí Adágún Tahoe

Ẹ bá mi yin Olúwa!

Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àgbà, mo kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí ẹ̀yin àbúrò. Gbèsè ni mo wá san. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2021, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́yìn ilé ìwòsàn kan ní ìlú Reno, ní ìpínlẹ̀ Nevada, mo bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé bí mo bá lè fojú kan ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ẹnu mi ò ní í dákẹ́. Mo fojú kàn wọ́n. Mo sì dákẹ́. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú, kí Ọlọ́run náà má bínú. Iṣẹ́ alẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn ráyè jẹ́rìí.

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé orí òkè ni àwọn baba ńlá wa gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní 1923. Àtẹ̀gùn 667 lèèyàn ń gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ yẹn, mo sì ti gùn ún láìmọye ìgbà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó ń bá wa ṣètò iṣẹ́ sọ pé ìlú orí òkè kan létí adágún ló ń wá nọ́ọ̀sì, ẹ̀rín ni mo rín. Ọmọ Ìdànrè wo ni wọ́n ń fi òkè dẹ́rù bà? Mi ò mọ̀ pé òkè ju òkè lọ.

Ti físà, mi ò ní í fà á gùn. Mo lọ ṣe NCLEX, ìdánwò tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege kó tó lè ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní South Africa torí kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Nàìjíríà nígbà náà. Fáìlì wa wọlé, wọ́n dá ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún wa sínú oṣù kẹta ọdún 2020. Àṣìṣe tèmi rèé: mo ti jẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìdágbére fún wa. Wọ́n ti ta òróró sí wa lórí, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti fún wa ní àpòòwé, Bàbá Àyọ̀, ọkọ mi, ti kọ̀wé fiṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ni Ààrẹ Trump bá fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní, pé láti ọjọ́ 21 oṣù kejì, kò sí físà ìgbélùú fún ọmọ Nàìjíríà mọ́. Ká tó mí, kòrónà dé, gbogbo ilẹ̀kùn wá tì pa. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ṣọ́ọ̀ṣì, a padà síbi tí wọ́n ti dágbére fún wa. Ìyá àgbà kan á máa bi mí lọ́jọọjọ́ ìsinmi pé, "Ṣé ẹ ò tíì lọ ni?" Kò fi bú mi o, ṣùgbọ́n ó ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2021, ọjọ́ tí Biden gorí àlééfà gan-an, ló fagi lé òfin náà. Wọ́ọ̀dù ni mo wà nígbà tí ọkọ mi tẹ̀ mí láago. Mi ò lè pariwo torí àwọn aláìsàn tó ń sùn. Yàrá tí a ń kó oògùn sí ni mo sá wọ̀, mo jó níbẹ̀ láìsí ìlù.

Oṣù karùn-ún ni mo dá nìkan ṣáájú, kí n lè wá ilé sílẹ̀. South Lake Tahoe ni ìlú náà, ní California. Ààlà Nevada wà nítòsí débi pé ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń sọdá. Ní ti adágún yẹn, kí n má purọ́, mi ò tíì rí omi tó rẹwà tó o. Ó jìn tó mítà 501, àfi Crater Lake ní Oregon nìkan ló jìn jù ú lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà, kì í sì í dì, bó ti wù kí yìnyín bo òkè tó yí i ká tó. Ọ̀dọ̀ àwọn Washoe, tó ń gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ni orúkọ Tahoe ti wá. Adágún náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè wọn. Ṣùgbọ́n ojú omi lásán fi mítà 1,897 ga ju òkun lọ. Òkè Orósun wa ò sún mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi tí mo ń gun 667, bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, màá fara ti ògiri, àyà mi á máa lù bíi gángan. Orí fífọ́ ò jẹ́ kí n sùn. "Máa mu omi" lẹnu gbogbo wọn.

Ilé wá di wàhálà. Àwọn olówó ìlú ńlá ló ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, ìgbà ìsinmi nìkan ni wọ́n ń wá. Èèyàn á máa rìn kọjá lálẹ́, iná ò ní í tàn nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń tọ́jú ìlú ò ríbi forí sùn. Inú yàrá ẹlòmíràn ni mo há mọ́ kí n tó rí ilé oníyàrá méjì kan, lẹ́yìn ilé bàbá òyìnbó kan tó ní ajá dúdú gìrìwò. Nígbà tí àwọn ọmọ mi dé ní oṣù keje, wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Alájá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹ̀wà. Mo ti ra ẹ̀wà olóyin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Sacramento. Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, mo gbé e kaná ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Aago méjìlá, ó le. Aago méjì, mo ti bomi sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ìfófòó ti dà sórí sítóòfù, ẹ̀wà ṣì ń dún lẹ́nu bí òkúta wẹ́wẹ́. Àbígbẹ̀yìn mi ń sunkún. Ọkọ mi ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹ̀wà àtijọ́ ni wọ́n tà fún mi. Mo ti mú fóònù láti pe obìnrin tó tà á, kí n sọ tinú mi fún un. Bàbá Alájá ló bá wa tú u. Ó ní níbi tó bá ga báyìí, afẹ́fẹ́ kì í wúwo, omi á ti máa hó nígbà tí kò tíì gbóná tó. Nísàlẹ̀, omi ń hó bí ìgbóná rẹ̀ bá dé 100 lórí ìwọ̀n Celsius. Lọ́dọ̀ wa, kì í ju nǹkan bíi 94 lọ. Gbogbo híhó tí mo ń wò láti àárọ̀, ariwo lásán ni. Bàbá wọlé lọ, ó gbé pressure pot àtijọ́ kan jáde, ti ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Ó ní ká máa lò ó. Ìkòkò náà súfèé, ó súfèé, nígbà tí a máa ṣí i, ẹ̀wà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

A ò tíì se ẹ̀wà ní ìgbà mẹ́rin tí iná fi dé. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ló ràn nínú igbó nítòsí Grizzly Flats, lápá ìwọ̀ oòrùn òkè. Caldor ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní àpáta ló wà lórí góńgó òkè tó wà láàárín àwa àti iná náà, iná kì í sọdá rẹ̀. Lóòótọ́, kí ọdún yẹn tó dé, kò tíì sí iná tó jó láti apá kan òkè Sierra Nevada dé apá kejì. Iná Dixie ló kọ́kọ́ ṣe é, Caldor tẹ̀ lé e. Bàbá mi tó ní oko kòkó máa ń sọ fún wa nípa iná ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1983, bó ṣe fo odò tí gbogbo abà gbójú lé. Mo rántí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ mo ní Amẹ́ríkà nìyí, bàálù ni wọ́n fi ń da omi.

Èéfín gba ìlú. A ò rí adágún mọ́. Oòrùn pọ́n bí epo pupa, eérú ń bọ́ sórí ọkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń jọ èlùbọ́. Inú ilé ni àwọn ọmọ ti ń wọ ìbòmú.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29, ilé ìwòsàn wa bẹ̀rẹ̀ sí kó aláìsàn kúrò. Wọ́n ní kí n bá ẹnìkan lọ sí Reno nínú áńbúláǹsì. Mo pe ilé, mo ní màá padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò padà. Wọ́n ní kí n dúró tì í. Ní ọjọ́ Ajé, àṣẹ jáde pé kí gbogbo ìlú kó kúrò, nǹkan bí 22,000 èèyàn. Bẹ́ẹ̀, ọkọ mi ò tíì ní ìwé ìwakọ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí a ní wà níbi iṣẹ́ mi. Wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé ní ìlú náà.

"Bàbá Àyọ̀, ṣé ẹ ti jáde?"

"À ń palẹ̀ mọ́. Bàbá Alájá ní òun máa gbé wa."

"Ẹ má palẹ̀ kankan mọ́! Ẹ kó àwọn ọmọ!"

"Sátífíkéètì rẹ ńkọ́, àpò wo ló..."

Ibẹ̀ ló gé. Títí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mi ò gbóhùn rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ti ti títì US 50 tó lọ sí Sacramento, torí ọ̀nà ibẹ̀ ni iná ń gbà bọ̀. Apá Nevada nìkan ló kù fún gbogbo ìlú. Nínú tẹlifíṣọ̀n tó wà ní wọ́ọ̀dù, mo rí ọkọ̀ bí wọ́n ṣe tò gbọọrọ lójú kan, ọ̀run pọ́n lẹ́yìn wọn. Mo ń wá píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀. Ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ ni. Nígbà tí wákàtí márùn-ún kọjá, ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́, mo jáde síta. Nọ́ọ̀sì ọmọ Philippines kan tí mi ò mọ̀ rí tẹ̀ lé mi. Ó jókòó tì mí lórí kọnkéré, ó di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ẹsẹ Bíbélì tí mo ti kọ́ sórí láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ọ̀kan ò wá sẹ́nu mi. "Baba, àwọn ọmọ. Baba, àwọn ọmọ." Ìyẹn nìkan ni mo ń wí. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ tí mo sọ fún yín yẹn.

Ó lé díẹ̀ ní aago mẹ́fà nígbà tí píkọ́ọ̀pù yẹn yọ, eérú bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá Alájá ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ń tiro. Fóònù ọkọ mi ti kú láti àárọ̀. Orúkọ ilé ìwòsàn tí mo ti sọ fún un ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀nà. Àyọ̀ bọ́ sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Mi ò rí àbígbẹ̀yìn. Àyà mi já. Ọkọ mi ní kí n wo ìjókòó ẹ̀yìn. Ọmọ tó ti ń sá fún ajá yẹn láti ọjọ́ tó ti dé, orí ajá ló sùn lé, itọ́ ẹnu rẹ̀ ti rin irun ajá náà. Ajá ò mira.

Ẹ ò bi mí ní ẹrù tí ọkọ mi gbé. Bàtà, kò gbé. Aṣọ òtútù àwọn ọmọ, kò gbé. Ó gbé àpò ìwé wa, Bíbélì, gárì, àti pressure pot. Ó ní ohun olóhun ni, a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó jóná. Nígbà tí Bàbá Alájá rí ìkòkò ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ wo táyà.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n dẹ àṣẹ náà, a padà. Iná ti dé ẹnu ìlú, ó jó igbó lápá Meyers, ṣùgbọ́n ilé kan ò jó nínú ìlú wa. Àwọn panápaná ló dúró tì í tọ̀sán-tòru. Kódà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe yìnyín fún àwọn tó ń wá ṣeré lórí òkè, wọ́n gbé e jáde, wọ́n ń fi í wọ́n omi sí ilẹ̀ àti igi.

Ẹnìkan ti bá mi to ẹ̀rí yìí sílẹ̀, pé kí n sọ pé àdúrà wa ni kò jẹ́ kí ilé wa jó. Mi ò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Iná yẹn jó ọ̀pọ̀ jù lọ ilé tó wà ní Grizzly Flats. Lápapọ̀, nǹkan bí 1,000 ilé àti àgọ́ ló bá Caldor lọ, ó sì jó ju 221,000 éékà ilẹ̀ kí apá tó ká a tán ní oṣù kẹwàá. Ṣé àwọn ò gbàdúrà ni? Mo dúpẹ́ pé ọmọ mi ń mí. Mo dúpẹ́ lórí àwọn tí mi ò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n fojú rinjú pẹ̀lú iná nítorí ìlú tí kì í ṣe tiwọn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọpẹ́ mi dúró. Mi ò lè máa jó lórí eérú ilé onílé.

Nínú ilé ìdáná, ẹ̀wà tí ọkọ mi ti rẹ ní ọjọ́ Àìkú yẹn, tó ti sẹ́ omi rẹ̀, tó fi aṣọ bò, ṣì wà nínú asẹ́. Ìdajì ti jẹrà. Ìdajì yòókù ti hù, ó ta ìrù funfun wínníwínní. Mo fẹ́ dà á nù, àbígbẹ̀yìn mi fi igbe ta. Ó gbin mẹ́ta sínú ife lójú fèrèsé. Méjì kú. Ọ̀kan so, ẹ̀wà mọ́kànlá péré. Ó kà á lójú gbogbo wa, ó sì kọ̀ kí a sè é.

Wàhálà ò tán síbẹ̀ o. Ti òtútù ọdún 2022 wọ 2023, ibùdó kan tí wọ́n ti ń wọn yìnyín lórí òkè Sierra Nevada ka 754 ínṣì. Láti 1946, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn iwájú wa, inú yìnyín ni a ti ń wa ọ̀nà jáde. Béárì sì ti wọ ọkọ̀ wa nítorí àkàrà tí ẹnìkan gbàgbé sínú rẹ̀. Mi ò dárúkọ onítọ̀hún, ọkọ mi ni.

Ajá dúdú yẹn ti kú, ṣùgbọ́n Bàbá Alájá ṣì ń jẹ́ Bàbá Alájá. Sátidé lòní. Ó ti jókòó sí tábìlì wa pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó ń bi Àyọ̀ pé ṣé dòdò wà. Ẹ bá mi gbé Jésù ga, kí n dìde. Ìkòkò ti ń súfèé.