Oyún Tí A Fi Pa Mọ́ fún Agbẹ̀bí

Kétu, alẹ́ Ọjọ́rú

Àárọ̀ yìí ni mo mú ìyàwó àbúrò mi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. A gun zémìjàn, ọ̀kadà akérò, gba ẹ̀gbẹ́ Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, mo sì ń bẹ awakọ̀ pé kó rọra nítorí kòtò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò lọ nìyí, bẹ́ẹ̀ oyún ti pé ọ̀sẹ̀ 22. Àwọn ìyá wa ní a kì í tètè fi oyún han ayé, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí kọ́ ni ayé.

Ohun tó dùn mí ni pé ìgbà tí à ń pa á mọ́ yẹn gan-an niṣẹ́ pọ̀ jù nínú ilé ọmọ. Kí oṣù kan tó pé tí oyún dúró, ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń hù ti gbọ́dọ̀ padé. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí obìnrin ti máa lo fólíìkì ásíìdì, fítámì tó ń jẹ́ kí ibẹ̀ padé dáadáa, kí oyún tó dé rárá. Kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé, ọkàn ti ń lù, ìka ti yọ.

Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aláboyún lọ fún àyẹ̀wò ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ ó kéré tán, kí àkọ́kọ́ sì wáyé kí ọ̀sẹ̀ 12 tó kọjá. Ìyàwó wa ti pàdánù àyẹ̀wò méjì. Oògùn tí ń dènà ibà, tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin, òní ló gbé àkọ́kọ́ mì.

Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Mo tètè sọ fún un pé ìgbẹ́ rẹ̀ máa dúdú, kó má bẹ̀rù. Nígbà oyún àkọ́bí mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo rí dúdú, àyà mi já, mo da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ̀jẹ̀ mi ò tó nígbà tí mo fẹ́ bímọ. Ó ṣì ń ká mi lára.

Agbẹ̀bí fi okùn wọn ikùn rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 22, bí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó kìlọ̀ pé tó bá rí ẹ̀jẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ láìdáwọ́ dúró, tí ojú ń ṣe bàìbàì tàbí tí ojú àti ọwọ́ wú, kó má dúró de ọkọ, kó máa bọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ohun èlò kan tó dà bí ìwo lé ikùn, ó tẹ etí sí i, ó dákẹ́. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì, kíá, kíá, kíá.

"Ọmọ rẹ nìyẹn," ló wí.

Ìyàwó wa dì mí lọ́wọ́ mú. "Ìyá ọkọ mi, ṣé bó ṣe ń yára tó nìyí?"

Lálẹ́ yìí, bí a ti ń bó ẹ̀gúsí, mo rí i tó ń fi ìka lu etí igbá.