Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí dọ́síyè (fáìlì ìwé) aláàbọ̀ ara yín ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ kọ lẹ́tà

Ẹ̀yin ará Kétu ní Bẹ̀nẹ̀, àti ẹnikẹ́ni tó bá ní aláàbọ̀ ara nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí, torí ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí àwọn ìyá tó ń san owó zémì (ọ̀kadà) lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n á jókòó látàárọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n padà wá lọ́la, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn tó fi hàn pé wọ́n wá rárá.

Àbúrò mi ọkùnrin, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ò gbé e, a ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan pé tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bá dé kí wọ́n pè é. Kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n pín in tán, wọn ò pe orúkọ ẹ̀. A béèrè, wọ́n ní àwọn ò rí dọ́síyè ẹ̀, nígbà tó yá wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá náà ò sì sí níbẹ̀.

Ìgbà tá a kọ lẹ́tà ni wọ́n tó dá wa lóhùn. Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ gbé lọ, ọ̀kan fún wọn, ìkejì kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e, kí wọ́n kọ déètì ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí i, dẹ́ṣáàjì yín nìyẹn. Tí sẹkirẹ́tárì bá ní kẹ́ ẹ ṣáà fi sílẹ̀, ẹ fi sùúrù bẹ̀ ẹ́ kó lù ú, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbà á. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yín lónìí, wọ́n lè gbé e lọ ṣiṣẹ́ ní Pobẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ lè béèrè o, ẹ má sì pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni dọ́síyè ti ẹni yín gan-an. Òfin 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní code du numérique (òfin ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì), fún kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ẹ̀. Orúkọ ẹni náà ni kí lẹ́tà jẹ́, tó bá ti dàgbà òun ni kó sàìnì, tí kò bá mọ̀wé kó tẹ̀ka, kẹ́ ẹ sì fi fótókópì káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ sí i. Faransé la fi kọ tiwa, ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bá wa kọ ọ́, àmọ́ mo ní kó kọ́kọ́ túmọ̀ ẹ̀ ní Yorùbá fún àbúrò mi kó tó sàìnì, torí ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ọpọlọ ẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ sì ni.

Ìkejì ni bí wọ́n ṣe pín nǹkan. Òfin 2015-07 ti 20 oṣù kẹta 2015 ló fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ béèrè iye kẹ̀kẹ́ tó dé, ẹ béèrè ohun tí wọ́n wò kí wọ́n tó mú ẹni tó gbà á. Ẹ má béèrè orúkọ àti àìsàn àwọn tó gbà á o, àṣírí tiwọn nìyẹn, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì máa fi lé yín padà. Ẹ tún lè mẹ́nu ba òfin 2017-06 ti 29 oṣù kẹsàn-án 2017 tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara.

Nígbà tí wọ́n ṣí dọ́síyè àbúrò mi, ìwé dókítà ò sí nínú ẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ a ti fún wọn. Fótókópì ẹ̀ wà nílé, a gbé e lọ, wọ́n lu òǹtẹ̀ fún wa, orúkọ ẹ̀ ti padà sínú lísìtì.

Tẹ́ ẹ bá retí èsì títí tí kò dé, ẹ kọ̀wé sí Médiateur de la République, ìyẹn ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ará ìlú lórí ọ́fíìsì ìjọba, ní Porto-Novo, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ so fótókópì dẹ́ṣáàjì yín mọ́ ọn.